Mílímítà 17 Péré: Ohun tí Mo Rí Nígbà tí Mo Pààrọ̀ Sáìsì Táyà Ọkọ̀ Mi

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbàkúùgbà tí mo bá gun òkìtì tí wọ́n mọ sójú títì láti dín eré ọkọ̀ kù, àgàgà bí èèyàn mẹ́rin bá jókòó sínú ọkọ̀, mà á gbọ́ "gbàà" lábẹ́, ara mi á sì bù máṣọ. Ọkọ̀ kékeré ni, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà á, táyà tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ sì jẹ́ 195/65R15. Mo máa ń wo àwọn ọkọ̀ gíga tí wọ́n ń gun òkìtì kan náà láìfara kan ohunkóhun, mo wá rò ó pé bí mo bá fi táyà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, ọkọ̀ á dìde, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Táyà tèmi náà ti jẹ lásìkò yẹn, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá, rírà ò ṣeé yẹ̀ mọ́. Mo bi fọkanáísà mi pé èwo ló tóbi jù tó lè wọ ríìmù mi. Ó yí ríìmù náà sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 205/70 á wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fọkàn yín balẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ríìmù mi fẹ̀ ní íńṣì 6, ó gba táyà náà láìfún un. Ìbéèrè tí mo bi í ni kò pé. Ríìmù nìkan ni mo béèrè, mi ò béèrè nípa ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ àwọn nọ́ńbà yẹn bó ṣe wá yé mi, nítorí ọdún tí mo ti ń wakọ̀ kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ bí nọ́ńbà ara páálí ni mo ṣe ń wò ó. 195 ni ìbú táyà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, mílímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. 65 kì í ṣe mílímítà o, ìdá ni. Ó ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí ríìmù títí dé ojú tó ń tẹ títì, jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ìbú rẹ̀. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, ìyẹn radial, irú èyí tí Michelin gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1946. 15 ni ríìmù láti etí kan dé etí kejì, íńṣì sì ni ti òun.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni 65 àti 70 yẹn. Mo rò pé láti 195 sí 205, mílímítà 10 péré ni mo fi kún un. Mi ò mọ̀ pé nígbà tí ìbú bá pọ̀ sí i, tí ìdá náà sì tún pọ̀ sí i, àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé gíga rẹ̀ lọ sókè. Ẹ bá mi ṣe ìṣírò rẹ̀. Ìdá 65 nínú 195 jẹ́ mílímítà 126.75. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló wà, ti òkè ríìmù àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó di 253.5. Íńṣì 15 jẹ́ mílímítà 381. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 634.5. Ó ku ti tuntun: ìdá 70 nínú 205 jẹ́ 143.5, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 287, bí a bá fi 381 lé e, ó di 668. Táyà tuntun fi mílímítà 33.5 ga ju ti àtijọ́ lọ, ìyẹn ìdá 5.3 nínú 100. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ táyà sábà máa ń fọwọ́ sí kì í ju ìdá 3 nínú 100 lọ. Mo ti kọjá ààlà kí n tó jáde kúrò níbi tí mo ti wọ táyà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú mi dùn. Táyà náà kún inú àyè rẹ̀, ọkọ̀ rí bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Mo dé ilé, mo mú téèpù, mo wọn ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn sí ilẹ̀ níbi tí mo ti wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo ti fọkàn sí ìka ọwọ́ méjì, ó kéré tán. Mílímítà 17 ni téèpù fi hàn mí. Mo tún un wọ̀n. 17 náà ni.

Ó gbà mí lákòókò kí n tó mọ ìdí rẹ̀, ó sì jẹ́ ohun tó rọrùn. Ọkọ̀ ò jókòó lórí táyà, àárín táyà ló so mọ́. Nígbà tí táyà bá fi mílímítà 33.5 ga sí i, ìdajì rẹ̀ lọ sí òkè, níbi tí kò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni, ìdajì yòókù ló wà láàárín họ́ọ̀bù àti ilẹ̀. Ìdajì yẹn nìkan ló ń gbé ọkọ̀ sókè. Ìdajì tó lọ sí òkè ló sì wá dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ó lọ gba àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún táyà láti máa fò sókè sódò nígbà tí ṣọ́kù bá ń ṣiṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé màmá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjì lọ sóde. Ẹrù wà nínú búùtù. Ní ibi tí títì ti rì díẹ̀, mo gbọ́ nǹkan tó ń ha "gìrìrì" lẹ́yìn, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gbo irin. Màmá mi ní, "Kí ló ń ké lábẹ́ mi yìí?" Mo ní kò sí nǹkan, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Bí mo bá tún yí sítíárìn dé òpin láti wọ ibi tóóró, ti iwájú náà á ké.

Nígbà tí a padà dé, mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo bọ́ ẹsẹ̀ iwájú ọwọ́ òsì, mo tan iná fóònù sínú ihò náà. Ohun tí mo rí ò kúrò lójú mi títí dòní. Ike dúdú tó bo inú máàdìgáàdì, tí eruku máa ń wọ̀ tí á sì rí ràkọ̀ràkọ̀, ti ń dán gbinrin ní ojú kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Táyà ti fọ̀ ọ́ mọ́. Eérún rọ́bà dúdú kún etí ike náà bí èyí tó máa ń jáde lára ìrésà ìwé. Ìṣó kékeré tó di ike náà mú ti jẹ dé ìdajì orí rẹ̀. Mo fọwọ́ kan táyà fúnra rẹ̀, ìlà kan ti yí i po ní èjìká, kò jìn, ṣùgbọ́n èékánná mi kọ́ ọ. Wáyà tó ń ka eré ẹsẹ̀ ọkọ̀ fún ABS, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há bí a bá tẹ bíréèkì lójijì, ò jìnnà síbẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ ìyẹn ló ń ha ni ń kọ́?

Kí ló mú kí n má tètè mọ̀? Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀ nígbà tí mo dán an wò. Ọkọ̀ tó ṣófo ò lè sọ òótọ́ fún èèyàn nípa táyà. Ìgbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tí sítíárìn sì yí dé òpin, tí òkìtì tún ti ẹsẹ̀ kan sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn ni àyè máa ń tán.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i nìyẹn, mo wá ń ṣọ́ gbogbo nǹkan mìíràn. Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gbà dáadáa, òǹkà kìlómítà ọkọ̀ máa ń ka 120 láti ẹnu ọ̀nà mi dé ibi tí mo ń lọ. Ó ka 114. Mo rò pé mo gba ọ̀nà àbùjá láìmọ̀. Ní ìgbà kejì, 114 náà ni. Mo wá lọ mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa ìlà funfun kan sí ara táyà níbi tó kan ilẹ̀, mo fa òmíràn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, mo sì ti ọkọ̀ náà síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ìlà ara táyà fi yí padà kan ilẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n: mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 4. Mo mú táyà àtijọ́ tó wà nínú búùtù, mo fi í sẹ́sẹ̀ kan náà, mo tún ti ọkọ̀: mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 94.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn. Ọkọ̀ ò mọ ìrìn rẹ̀ lọ́nà mìíràn ju pé kó ka iye ìgbà tí nǹkan yí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n ti sọ fún un pé ẹsẹ̀ ẹ ń gùn tó báyìí lẹ́ẹ̀kan tó bá yí po. Èmi wá pààrọ̀ ẹsẹ̀ náà láìsọ fún un. Ní kìlómítà 1, táyà àtijọ́ máa ń yí nǹkan bí ìgbà 515, tuntun ń yí 490. Ọkọ̀ ń ka 490, ó sì gbà pé òun ò tíì pé kìlómítà kan.

Eré náà ńkọ́? Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Kí n tó pààrọ̀ táyà, bí abẹ́rẹ́ bá wà lórí 100, fóònù mi tó ń fi sátẹ́láìtì wọn eré máa ń sọ 97. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Òfin àjọ UN lórí abẹ́rẹ́ eré, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 39, ni pé abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ fi eré tó kéré sí ti gidi hàn awakọ̀. Ó lè ka púpọ̀ jù díẹ̀, kò gbọdọ̀ ka kéré. Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀, abẹ́rẹ́ wà lórí 100, fóònù ń sọ 102. Ìyàtọ̀ náà lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ààbò tí wọ́n fi sínú abẹ́rẹ́ yẹn ni mo mú kúrò, mo sì ti bọ́ sí òdì kejì. Ojú mi ń sọ pé mo wà nínú òfin, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń sọ nǹkan mìíràn.

Epo náà tún wà níbẹ̀. Mo ti ń ráhùn pé ọkọ̀ ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lítà 10 ló ń gbé mi rin kìlómítà 120 yẹn tẹ́lẹ̀, ó wá ń gba lítà 10.4, mo sì ń fi í pín 114 tí òǹkà ń kà. Ó jọ pé ọkọ̀ ti bọ́ láti 12 fún lítà kan sí 11 géérégé. Àmọ́ ọ̀nà ò kúrú, 120 náà ni, nítorí náà èsì tòótọ́ jẹ́ 11.5. Ìdajì ohun tí mo ń ráhùn lé lórí jẹ́ ti òǹkà. Ìdajì yòókù jẹ́ òótọ́, táyà tó fẹ̀ tó sì wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ń fẹ́ agbára sí i kó tó yí. Ọ́ìlì náà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dúró kí òǹkà pé 5,000 kí n tó pààrọ̀ ọ́ìlì, mo ti rin ju 5,260 lọ.

Lórí òkè ni mo ti mọ̀ ọ́n lára jù. Ọkọ̀ tó máa ń fi gíyà kẹta gun ibì kan, ó wá ń mí hẹlẹ, mo ní láti bọ́ sí gíyà kejì. Táyà ńlá dà bí ìgbà tí èèyàn bá pààrọ̀ gíyà sí èyí tó le: ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tì í jìnnà sí i ní ẹ̀ẹ̀kan tó bá yí. Bíréèkì náà ń bá ohun tó gùn jù jìjàdù, torí bí ojú táyà bá ṣe jìnnà sí àárín tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí bíréèkì nílò ṣe ń pọ̀ sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ̀ iwájú ju bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ tó kù wá lóru. Táyà iwájú ọwọ́ ọ̀tún jò, mo sì fa táyà ẹ̀sítírà yọ nínú búùtù. Mi ò rántí pé sáìsì àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Mo ti so gbogbo nọ́ọ̀tì, mo ti gbéra, mi ò tíì rin kìlómítà 2 tí iná ABS fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, sítíárìn sì ń fà mí sápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló ń fa ọkọ̀ mi. Ọ̀kan ń yí 515, èkejì ń yí 490, ní gbogbo kìlómítà. Àwọn gíyà kéékèèké tó wà láàárín wọn, tí wọ́n ṣe fún ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yípo kọ́nà, wá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi lórí ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ. Mo dúró. Mo bọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan tó jẹ́ sáìsì tuntun, mo gbé e wá síwájú, mo fi kékeré náà sẹ́yìn, níbi tí kò sí ohun tó ń fa ọkọ̀. Iná ABS náà ò kú, mo sì rọra rìn délé. Ó pẹ́ kí n tó parí rẹ̀, àmọ́ bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ lóru, ohun tó yẹ kí o ṣe nìyẹn: kí àwọn tó ń fa ọkọ̀ jọra, kí èyí tó yàtọ̀ lọ síbi tí kò ti ń fa nǹkan kan, kí o sì rọra rìn lọ síbi tí wọ́n á ti bá ọ lẹ̀ ẹ́.

Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà kò ní ibi ìsápamọ́ yẹn. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pààrọ̀ táyà méjì iwájú sí sáìsì tó yàtọ̀ nítorí pé owó mẹ́rin ò tíì sí lọ́wọ́. Iwájú ń sáré, ẹ̀yìn ń sáré, kò sí èyí tó bá ìkejì mu, ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ láàárín sì ń gbóná lójoojúmọ́ títí ó fi bàjẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ ju owó táyà mẹ́rin lọ lọ́nà tó jìn. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, táyà tuntun méjì àti àlòkù méjì tó ti jẹ gan-an lè dá ọ̀ràn sílẹ̀, kódà bí nọ́ńbà ara wọn bá bára mu.

Mo padà sí 195/65R15. Mo ta àwọn ńlá náà fún ẹni tó jẹ́ pé sáìsì rẹ̀ gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo wọ ti àtijọ́ padà, ọkọ̀ náà fúyẹ́ lọ́wọ́ mi débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè nínú ọkọ̀ lémi nìkan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ pé kò yẹ kí èèyàn fọwọ́ kan sáìsì láéláé. Lẹ́yìn ọdún kan, mo rí ríìmù íńṣì 16 tó dára, mo sì fi táyà 205/55R16 wọ̀ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti ṣírò kí n tó jáde nílé: ìdá 55 nínú 205 jẹ́ 112.75, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 225.5, ríìmù jẹ́ 406.4, àpapọ̀ 631.9. Kò tó mílímítà 3 tó fi dín sí ti ilé iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ò yẹ̀, òǹkà ò yẹ̀, kò sí ohun tó ha. Ọkọ̀ náà tún ń gbọ́ràn sí sítíárìn kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ táyà tó kúrú kì í mì lọ mì bọ̀. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an.

Àmọ́ kò sí ohun tí ríìmù ńlá fúnni tí kò gba nǹkan padà. Rọ́bà tó wà láàárín ríìmù àti títì fi mílímítà 14 dín kù. Kòtò kan tí táyà àtijọ́ ìbá gbé mì, tí mà á kàn gbọ́ "gbì" lásán, ló tẹ etí ríìmù wọlé lójú ẹsẹ̀. Mo tún ní láti fiyè sí nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní ET, tí wọ́n máa ń kọ sẹ́yìn ríìmù. Òun ló ń sọ bí ojú tí nọ́ọ̀tì ti ń dè é ṣe jìnnà sí àárín ríìmù. Ti ilé iṣẹ́ jẹ́ 45, ti íńṣì 16 tí mo rà jẹ́ 38, ó sì fi ìdajì íńṣì fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Bí mo ṣe ro méjèèjì pọ̀, etí rẹ̀ yọ síta bíi mílímítà 13. Ó ṣì wà lábẹ́ máàdìgáàdì, ṣùgbọ́n ká ní ó tún fi 10 yọ ni, etí máàdìgáàdì ẹ̀yìn ìbá ti máa gé táyà bí ẹrù bá wọlé.

Ohun kan wà tí mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú mọ́: nọ́ńbà àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé sáìsì. Ti ọkọ̀ mi jẹ́ 91V. 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru kìlógíráàmù 615, V túmọ̀ sí pé ó lè fara da eré tó tó kìlómítà 240 ní wákàtí kan. Aládùúgbò mi kan tí ọkọ̀ rẹ̀ rí bíi tèmi rí 195/60R15 àlòkù tó mọ́ tónítóní, ó wọ̀ ọ́. 88 ló wà lára rẹ̀, ìyẹn kìlógíráàmù 560. Bó o bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kìlógíráàmù 220 ló ti yọ kúrò nínú ohun tí ọkọ̀ náà lè gbé lé táyà, ó tó ìwúwo àgbàlagbà mẹ́ta. Èèyàn méje ló máa ń kó bí wọ́n bá ń lọ síbi ayẹyẹ. Mo fi ìwé tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ hàn án, níbi tí wọ́n kọ sáìsì àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí. Ó ti ń wọ ọkọ̀ yẹn láti ọdún mẹ́rin, kò ka ìwé náà rí. Èmi náà ò kà á kí n tó ṣìnà, mi ò lè bá a wí.

Lára táyà àlòkù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. 2319 ń sọ pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Sáìsì lè pé kí rọ́bà ti gbó.

Ní ti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń kan òkìtì, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó tún un ṣe ni sípíríǹgì ẹ̀yìn. Mẹkáníìkì kan tó dàgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, sípíríǹgì yìí ti rẹ̀, kò lè gbé èèyàn mẹ́rin dúró mọ́." A pààrọ̀ méjèèjì sí irú ti ilé iṣẹ́ gan-an. Ẹ̀yìn ọkọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 3 dìde. Mo ti lọ ra táyà ńlá mẹ́rin nítorí sípíríǹgì méjì tó ti gbó.

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá. Sáìsì kan náà ni, 195/65R15, ó sì ti fojú sí ríìmù íńṣì 17. Ó rò pé mà á ní kó má ṣe é. Mo fún un ní bírò, mo ní kó ṣírò 225/45R17. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé kan: 101.25, 202.5, 431.8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 634.3. Ó wo ti ilé iṣẹ́, 634.5, ó wò mí. Mo ní, "Ìyẹn bára mu, àmọ́ kò tíì tán." Ẹni tó fẹ́ ta á fún un gbà kó yá ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lọ dán wò. A so ó mọ́ iwájú ọwọ́ òsì. Mo pe ọmọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, èmi àti àbúrò mi wà nísàlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí sítíárìn. Mo ní kó yí i sápá òsì dé òpin.

Mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn táyà náà, mo wá ṣọ́kù kàn. Ìka kan wọlé, ìka kejì ò wọlé.

"Bọ̀dá mi, ṣé ó tó?"

Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ yí i sápá ọ̀tún.